Ẹ̀gùn Irin fún Igbó Carsgarrow

14, oṣù Kẹwàá

Òjò látàárọ̀. Pringle, alábòójútó ilẹ̀, wá sílé pẹ̀lú bàtà tí kò tíì tẹ ẹrẹ̀ rí láyé. Àga Struan ló jókòó sí. Kò mọ̀ ni, n ò sì sọ fún un. Ó ní gbogbo ẹ̀gùn onígi, àga gíga alákàbà tí ọdẹ máa ń gùn nínú igbó, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kí ọdún tó parí. Onílẹ̀ ò fẹ́ kí ọdẹ kankan tún jókòó sórí igi de àgbọ̀nrín mọ́, irin ló fẹ́. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa gbé wá kí n dán wọn wò, èyí tí mo bá sì yàn ni wọ́n máa rà fún gbogbo igbó.

"Ìwọ lo mọ igbó yìí jù, Ishbel," ó wí.

Bàbá ló kan gbogbo ẹ̀gùn yẹn, láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé. Igi kan tí wọ́n ń pè ní láàṣì ló fi kàn wọ́n, ó ní láàṣì kì í tètè jẹrà. Ìkeje nínú wọn ló pa Struan, àbúrò mi, lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù tó kọjá. Bàbá ò wo Pringle lójú rárá. Ó kàn ń yí ife tíì rẹ̀ po títí tíì náà fi tutù. Ìgbà tí ọkùnrin yẹn lọ tán, ó ní, "Irin," bí ẹni tó tọ́ nǹkan kíkorò wò. Ló bá lọ sùn ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

16, oṣù Kẹwàá

Bàbá ò jẹun. Ọ̀dùnkún méjì ni mo sè fún un, méjèèjì ni mo kó fún adìẹ.

19, oṣù Kẹwàá

Òjò dá. Mo lọ ra búrẹ́dì àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì ní ṣọ́ọ̀bù. Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí. Dandy Tait wà níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé káńtà. Ọdẹ àtijọ́ ni, ẹnu rẹ̀ ò sì ní ìdérí.

"Èmi ò fi òkú ṣẹ̀sín o," ó ń wí fún obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù. "Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ tó bí ọdẹ, tó lọ gun ẹ̀gùn tí kò ní okùn nídìí, kí ló ń wá?"

"Ó ń wá ohun tó rí," obìnrin náà dáhùn.

Rhona, ìyàwó Struan, wà níbi tí wọ́n ń kó wàrà sí. Àwọn ò rí i. Ó dá ìgò wàrà tó mú padà sí àyè rẹ̀, ó sì jáde láì ra nǹkan kan. Èmi rí i. Mo san owó mi.

Ó yẹ kí n kọ ọ́ síbì kan, ó kéré tán kí ojú ara mi rí i. Bàbá ló dá ọ̀rọ̀ okùn yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó bí Struan. Lọ́dọọdún, kí ìgbà ọdẹ tó wọlé, ẹni tó bá gun ẹ̀gùn, tó fọwọ́ mi ìdábùú àkàbà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan dé òkè, òun ló máa so okùn mọ́ ìdábùú ìsàlẹ̀. Àwọ̀ tuntun ni lọ́dún kọ̀ọ̀kan, búlúù ni ti ọdún yìí. Bí o ò bá rí okùn ọdún yìí, o ò gbọdọ̀ gùn. Kò sí ọdẹ kan ní àdúgbò yìí tí kò mọ̀ ọ́n.

Okùn wà nídìí ìkeje. Èmi ni mo so ó. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, òun nìkan ló kù, òjò ń ṣẹ́, kòkòrò ń jẹ mí lójú àti nínú etí. Mo so okùn, mo sì lọ sílé. N ò gùn ún. N ò mì í. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo bá Struan nídìí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo ti gé okùn náà. Ọwọ́ mi ti gé e kí orí mi tó mọ̀. Mo wá sọ fún Bàbá, fún Rhona, fún ọkùnrin ìjọba tó wá ṣe ìwádìí, pé n ò tíì dé ìkeje.

Inú agolo bọ́tìnnì ìyá mi ni okùn náà wà.

23, oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ kẹta tí ìgbà abo àgbọ̀nrín wọlé. Ẹ̀gùn àkọ́kọ́ dé, alumíníọ́mù, èyí tí wọ́n ń gbé ti igi tí wọ́n sì ń fi bẹ́líìtì méjì dè. Èmi nìkan gbé e léjìká láti ojú ọ̀nà dé etí pápá, ó sì ti dúró kí omi tíì tó hó. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Mo dè é mọ́ igi sípúrúsì ńlá kan, mo gòkè. Gíga rẹ̀ dára. Láti òkè yẹn, ọta tó bá la ẹran kọjá, ilẹ̀ ló máa bá, kì í ṣe ọmọ ẹlòmíì lójú ọ̀nà. Torí ìyẹn ni a ṣe ń gòkè.

Abo mẹ́ta jáde. Mo gbé ìbọn lé irin, ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí lu àwo. Gbogbo wọn gbójú sókè pọ̀, wọ́n sì wọgbó. N ò bá wọn jà, èmi náà ì bá sá.

27, oṣù Kẹwàá

Ìrì dì funfun sórí ohun gbogbo. Mo ń mu ọbẹ̀ àná nígbà tí mo rí Bàbá tó wọ bàtà. Kò tíì jáde láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Ibo ni nǹkan yẹn wà?" ó bi mí.

"Nǹkan wo, Bàbá?"

"Ìkòkò tí wọ́n ní kí a máa jókòó lé."

Ó gbé kẹ́tùlù omi tutù dání, ó ń rìn níwájú mi fún ìdajì máìlì. Ìgbà tí a débẹ̀, ó da omi sí gbogbo ìdábùú tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ó sì fẹ̀yìn ti igi títí omi náà fi dì.

"Gùn ún."

"Pẹ̀lú omi dídì?"

"Ṣé oṣù Keje nìkan lo máa ń ṣọdẹ ni?"

Mo gùn ún. Ìdábùú roboto ni. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ ní ẹ̀kẹta, mo fi orúnkún gbá irin, ó dùn mí dé eyín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín, kò sì dì mí mú.

"Èyí kì í ṣe àkàbà," ó ní. "Ọṣẹ ni."

Mo ní a lè fi aṣọ tó ti gbó wé àwọn ìdábùú náà. Mo ṣì ń gbèjà rẹ̀ nítorí pé ó fúyẹ́, èmi nìkan ni mo sì kù tó ń gbé nǹkan. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé ni Bàbá tó sọ ọ́, ó ń wo ilẹ̀: "Ìdábùú tèmi ò yọ̀ rí. Ó kàn ṣẹ́ ni."

4, oṣù Kọkànlá

Ẹ̀gùn kejì. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àga rẹ̀ ń yí bí o bá ti yí. Bàbá wò ó láti ojú fèrèsé: "Àga onígbàjámọ̀. Béèrè lọ́wọ́ Pringle bóyá ó máa bá àgbọ̀nrín gẹ irun."

Rhona wá bá mi gbé e wọ ilẹ̀ ẹrẹ̀. N ò pè é, ó kàn wá. Kí n tó jókòó dáadáa, ẹsẹ̀ kan ti rì sínú ẹrẹ̀ dé ìwọ̀n apá, gbogbo rẹ̀ sì dà sí ẹ̀gbẹ́. Mo fò sílẹ̀. A jókòó sórí kùkùté, a ń mu tíì nínú fláàsì.

"Àǹtí Ishbel, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Kí ló dé tó gùn ún?"

Mo ní n ò mọ̀.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi bá a gbé. Kì í wọ mọ́tò láì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ta táyà. Bí mo bá gbé àkàsọ̀ ti ògiri láti nu fèrèsé, ó máa wá wo ìdí rẹ̀. Kí ló kàn án lọ́jọ́ yẹn? Àbí a ti jà, tí n ò mọ̀ pé a jà? Gbogbo àárọ̀ yẹn ni mo ń tú wò nínú orí mi. Mo ní kó ra kárọ́ọ̀tì bọ̀. Ohun tí mo sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ṣé mo sọ ọ́ burúkú ni?"

"O ò sọ ọ́ burúkú, Rhona."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo gbé tíì mì lé e lórí. Èmi ni olè tó ń bá olóko wá iṣu rẹ̀.

10, oṣù Kọkànlá

Afẹ́fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn. N ò pa nǹkan kan. N ò sùn dáadáa.

16, oṣù Kọkànlá

Ìjì ọjọ́ méjì. Iná lọ lánàá, ó dé lọ́sàn-án yìí. Mo lọ wo ẹ̀gùn alumíníọ́mù. Sípúrúsì tí mo dè é mọ́ ti dùbúlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, gbòǹgbò tó tẹ́ bí ẹní. Ẹ̀gùn náà wà lábẹ́ rẹ̀, ó ká bí ìwé. Bẹ́líìtì méjèèjì ò já. Wọ́n dì í mú dáadáa mọ́ ohun tó ń ṣubú.

Mo pe Bàbá wá wò ó.

"O fẹ́ ẹ nítorí pé ó fúyẹ́," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ohun tó bá rọrùn fún ẹni tó ń gbé e, kì í ro ti ẹni tó máa gùn ún."

Kò mọ ohun tó sọ. Mo yí ojú sí ibòmíì, mo ń tú bẹ́líìtì tí kò wúlò fún nǹkan kan mọ́.

25, oṣù Kọkànlá

Ìkẹta dé. Irin gidi, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó ń dá dúró láì fara ti igi kankan, àwo irin fífẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó má bàa rì. Ìdábùú rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ó sì ní eyín tó ń di bàtà mú. Ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Katakata ló wọ́ ọ dé ibẹ̀, èmi àti Rhona àti Dandy Tait la sì gbé e nàró, Dandy ń kerora pé ẹ̀yìn òun ti lọ, ẹ̀yìn òun ti lọ, kò sì já ọwọ́ sílẹ̀.

Bàbá gbé kẹ́tùlù rẹ̀ wá. Ó da omi, ó dúró, ó ní kí n gùn ún. N ò yọ̀. Ó ní kí n tún gùn ún pẹ̀lú ìbọn. N ò yọ̀. Ó wá fa kápẹ́ẹ̀tì kan tó ká yọ lábẹ́ kóòtù rẹ̀, ó ní kí n fi bo irin tí ìbọn ń sinmi lé, kó má bàa dún. Mo mọ kápẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Struan ló wà nígbà tó wà lọ́mọdé. Bàbá ti fi ọ̀bẹ gé e ní déédéé.

27, oṣù Kọkànlá

Abo kan láti orí ẹ̀gùn ìkẹta, ọta kan, ó ṣubú sójú kan náà. Kò sí ohun tó dún àfi ìbọn. Mo kọ̀wé sí Pringle pé mo ti yàn. Ó tó ìlọ́po méjì iye alumíníọ́mù, ó máa ní ohun tó máa sọ sí i.

Ó yẹ kí inú mi dùn.

6, oṣù Kejìlá

Ọ̀sẹ̀ kan la fi wó ti Bàbá. Kò jẹ́ kí wọ́n fi ayùn ẹ̀rọ gé wọn, ó ní òun ló kàn wọ́n, òun ló máa tú wọn. Ó ń fa ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú gàrawá. Lónìí ó ku ìkeje nìkan.

Mo ní kó sinmi, pé èmi àti Dandy á ṣe é. Kò gbọ́. Ó gbé ìdábùú tó ṣẹ́ lé orúnkún, ó fi àtàńpàkò tẹ inú rẹ̀, ó rọ̀ bí kéèkì. Omi ti gba ojú ìṣó wọlé, ara rẹ̀ sì le síbẹ̀.

"Wò ó," ó ní. "Ojú ò lè rí i. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá mì í, ó máa sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá máa mọ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Àti pé kò sí okùn. Mo wo ìdí ẹ̀gùn lọ́jọ́ yẹn, kí n tó wo ojú Struan pàápàá. Ọlọ́run má bínú sí mi, okùn ni mo kọ́kọ́ wò." Ó ju ìdábùú náà sínú iná tí Dandy dá. "Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọ. Mo bí òmùgọ̀ lọ́mọ, n ò sì mọ̀."

Bàbá ti ń bínú sí Struan báyìí, nítorí pé ìyẹn rọrùn ju kó máa bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Èmi ni mo fún un ní ìbínú méjèèjì.

13, oṣù Kejìlá

Pringle fi ìwé kan ránṣẹ́. Lọ́jọ́ ogún, kí ẹnikẹ́ni tó gun irin tuntun, gbogbo ọdẹ máa péjọ síbi tí ìkeje wà tẹ́lẹ̀, èmi ni mo sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gùn ún láìséwu. Ó ti bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà kẹta: *Struan McCrindle kú nítorí pé kò wo ìdí ẹ̀gùn kó tó gùn ún. Ẹ jẹ́ kí ikú rẹ̀ kọ́ wa lọ́gbọ́n.* Ó ní wọ́n á máa kà á fún àwọn ọdẹ tuntun lọ́dọọdún.

Mo pè é lórí fóònù. Mo ní kó yọ ìlà yẹn.

"Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n òun náà ló wà nínú ìwé ìwádìí, Ishbel. Àti pé ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́."

Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́. Kò purọ́.

17, oṣù Kejìlá

Mo ka ìwé Pringle fún Bàbá, mo rò pé ó máa bínú, pé ó máa ní kí n má lọ.

"Kà á," ó ní. "Òótọ́ ni."

Ó gbé àwo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ inú rẹ̀.

20, oṣù Kejìlá

Aago mẹ́wàá àárọ̀, ìrì dídì, oòrùn tí kò móoru. Ọdẹ mẹ́jọ, Pringle, Bàbá, Rhona pẹ̀lú ìbòrí tí Struan máa ń dé. Irin tuntun dúró níbi tí ìkeje wà tẹ́lẹ̀. Mo mú ìwé jáde.

Mo ka ìlà kìíní. Mo ka èkejì. Mo dé ìkẹta, mo wo Rhona, ó ti tẹ orí ba láti gbà á, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ da omi lé òun lórí.

Mo fi ìwé náà sápò, mo sì mú okùn búlúù jáde.

"Struan wo ìdí rẹ̀," mo ní. "Èyí ló rí. Èmi ni mo so ó. N ò gun ẹ̀gùn náà, n ò mì í, òjò ń rọ̀, mo fẹ́ lọ sílé. Ìgbà tí mo bá òkú rẹ̀, mo gé e kúrò. Irọ́ ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti ìgbà yẹn."

Pringle la ẹnu, Dandy Tait fọwọ́ kàn án ní èjìká, Pringle sì pa ẹnu náà dé.

Rhona wá bá mi. Mo dúró dè é. Bó gbá mi lójú, mo ti pinnu pé n ò ní gbé ọwọ́ sókè. Ó gba okùn náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó.

"Ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ó wò ó, ó rí i, kó tó gùn?"

"Ìwọ náà mọ Struan. Ó máa ń fọwọ́ kàn án ni."

"Nígbà náà, ó ṣe é bó ṣe yẹ," Rhona ní. "Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ." Ojú rẹ̀ tú ká, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú rẹ̀, n ò múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ó wé okùn náà mọ́ ìka rẹ̀, ó kọjá lára mi bí ẹni tó kọjá lára ìbodè, ó ń sọ fún Dandy, fún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fún olúkúlùkù: "Ó wò ó. Ẹ gbọ́? Ó wò ó."

Bàbá ò wò mí. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó lọ sídìí irin, ó di ìdábùú ìsàlẹ̀ mú, ó mì í. Ó gùn ún, ó mi èyí tó tẹ̀lé e. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, lórí irin tó ní òun ò ní fẹsẹ̀ kàn láéláé. Ó mì wọ́n dé òkè láì yára, gbogbo wa dúró. Ó sọ̀kalẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìwọ náà," ó ní fún mi. "Bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ. Mì í."

Mo mì í. Mẹ́tàlá ni ìdábùú rẹ̀. Kò sí èyí tó mira nínú wọn.

21, oṣù Kejìlá

Pringle ti gba kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn lọ́wọ́ mi. Mo kọ̀wé sí ọkùnrin tó ṣe ìwádìí, mo fi ránṣẹ́ kí aago méjìlá tó lù.

Bàbá ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ó gbé àwòrán Struan, tó ti gbé kúrò láti ọjọ́ tí a wó ìkeje, padà sórí àpótí tó wà létí iná, ó jókòó, ó sì jẹ ọ̀dùnkún méjèèjì tí mo sè fún un.